Bébà Funfun Tó Bà Mí Lẹ́rù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun kánú? Ohun tó ń lé wa níhìn-ín kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ láéláé. A ò kú o, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, mo ti ilẹ̀kùn pa kí n tó mú bírò.

Ọ̀rọ̀ màlúù wa ni, èyí tí bàbá yín ń pè ní Ìyàwó Kékeré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó ń ra wàrà lọ́wọ́ wa mú bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, kò gùn ju ìka lọ. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ò ní ra wàrà tí oògùn apakòkòrò-àrùn bá wà nínú rẹ̀ mọ́, pé tí oògùn bá wà níbẹ̀, bébà náà á di àwọ̀ aró. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní báwo ni bébà ṣe máa mọ oògùn. Ó ki bébà náà bọ inú wàrà wa, kò pẹ́ tó fi di aró. A da gbogbo wàrà ọjọ́ yẹn nù.

Ìgbà yẹn ni bàbá yín jẹ́wọ́ pé ọmú Ìyàwó Kékeré ló wú, tí àwọn fi fún un lára oògùn oníhóró tí o fi ránṣẹ́ fún egbò ẹsẹ̀ àwọn. Wọ́n ní àwọn lo ìdajì, màlúù lo ìdajì. Mo ní abájọ, ìlú ńlá kan náà ni oògùn àti bébà ti wá, wọ́n ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà wá yọ fọ́ọ̀mù, ó béèrè ẹni tí oògùn ti ọwọ́ rẹ̀ wá, bàbá yín sì kọ orúkọ rẹ gàdàgbà síbẹ̀. Ó tún fi fóònù ya fọ́tò bébà tó di aró náà. Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ nìyẹn, kí fóònù tèmi má baà lọ júwe ilé rẹ fún tiẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá ọ níbi iṣẹ́, sọ pé o ò mọ màlúù kankan rí.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàbá yín ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru, wọn ò jẹ́ kí n fọ egbò náà fún wọn mọ́, yàrá sì ti ń rùn. Mo bá tọrọ bébà kan lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, mo parọ́ pé wàrà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Láàárọ̀ àná, mo gbé póò tí bàbá yín tọ̀ sí lọ sẹ́yìn ilé, mo ki bébà náà bọ̀ ọ́. Mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mejì. Funfun tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Ọkùnrin tó ń ra wàrà ní funfun ni ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Bàbá yín ò gbé ẹyọ oògùn kan mì, màlúù ló lo gbogbo rẹ̀.

Mo mú bébà náà lọ bá wọn, mo ń sunkún. Wọ́n ní kí n má bínú, pé wàrà ló ń bọ́ wa, ẹsẹ̀ àwọn ò mú wàrà jáde.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ ká gbé wọn dé ọsíbítù. Tí o bá lè wá fúnra rẹ, wá, kí o dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé oògùn mì. Bá mi ra bébà náà dání pẹ̀lú, kí n lè máa yẹ̀ wọ́n wò láràárọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, o ò ní fi ẹkún wọ ilé bàbá rẹ. Mo ti fi bébà náà sínú àpòòwé yìí. Má bẹ̀rù láti dì í mú, mo ti sá a gbẹ. Wò ó dáadáa, kò sí aró kankan lára rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.