Ilẹ̀ Tí A Ṣán De Ọkọ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Joshua Ọlọ́runníyì Fádáre (1940–1997)

Ọmọ Odigbo ni Olóògbé Joshua Ọlọ́runníyì Fádáre, nípa ti bàbá àti nípa ti ìyá. Inú abà oko ní Aráròmí-Obu ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1940, lásìkò ìkórè kòkó tí ìyá wọn kò ráyè délé kí ọmọ tó dé. Bàbá wọn ni Pa Gabriel Fádáre, àgbẹ̀ kòkó tí kì í fi àdá ṣeré. Ìyá wọn ni Màmá Àìná Fádáre. Gbogbo ẹni tó mọ Màmá Àìná yóò rántí pé ohun tí wọ́n bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ létí wọn mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà síbẹ̀.

Olóògbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní Odigbo láti 1947 sí 1953. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fojú kan iná wẹ́dà. Wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Néfì, ní ọdún 1962. Ọmọ inú igbó ni wọ́n, omi tí wọ́n tíì rí kò ju odò ẹ̀yìn oko lọ, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé ọ̀dọ̀ wa ní 1967, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀, orí òkun ni bàbá wa wà. Màmá Àìná ló sá wọ Aráròmí-Obu, tí wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ tó wà níbi tí ìbọn Ọ̀rẹ̀ kò dé.

Ní ọdún 1970, Olóògbé gbé Arábìnrin Adédoyin, tíṣà ní Odigbo, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́run fi àwa ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn. Ìyàwó wọn kò bá wọn gbé Èkó, níbi tí iṣẹ́ Néfì wọn wà, pẹ́ rárá, nítorí Màmá Àìná kò gbà kí agboolé Fádáre ní Odigbo ṣófo, pàápàá lẹ́yìn tí Pa Gabriel jẹ́ Ọlọ́run nípè ní 1975.

Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni ìròyìn ayọ̀ dé ibi iṣẹ́ wọn. Ìjọba fẹ́ ní ọkọ̀ ogun ojú omi tuntun méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fírígéètì. Òyìnbó ló yàwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn náà dùn. Ìlú òyìnbó ni wọn yóò ti kan ọkọ̀ àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ tiwa yóò sì wà níbẹ̀ máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ kejì, ilẹ̀ wa níbí la ó ti kàn án, ọwọ́ àwọn ọmọ tiwa ni yóò sì kàn án. Bàbá wa wà lára àwọn ajórin tí wọ́n yàn pé kí wọ́n lọ. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti sọ fún wa.

Kí wọ́n tó lọ ní 1981, wọ́n wá dágbére fún ìyá wọn. Màmá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lọ ṣe. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ la fẹ́ lọ kàn, Ìyá. Tí a bá parí àkọ́kọ́, ilé la ó ti kan èkejì. Ẹ óò fojú yín rí i." Dírẹ́bà tó gbé wọn wá ti ń fun fèrè lójú títì, wọ́n sì lọ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá wa sọ kọ́ ni Màmá gbọ́. Létí ará Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo, ọkọ̀ ni lọ́rí, ọkọ̀ ni bọ́ọ̀sì tó ń ná Èkó sí Benin. Létí Màmá Àìná, ilé kì í sì í ṣe Nàìjíríà. Ilé ni agboolé Fádáre.

Kí oṣù náà tó parí, Màmá ti gba alágbàṣe, wọ́n ti bẹ́ kòkó ẹ̀yìn ilé lulẹ̀. Kòkó tí Pa Gabriel fọwọ́ ara wọn gbìn ni, ó sì ń so. Àwọn ẹbí pariwo títí ó fi sú wọn. Màmá dá wọn lóhùn pé, "Kòkó ọkọ mi ni mo bẹ́. Ọkọ̀ ọmọ mi ni mo bẹ́ ẹ fún. Èwo ló kàn yín níbẹ̀?" Wọ́n hú kùkùté, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n sì la ọ̀nà fífẹ̀ láti ibẹ̀ dé títì, kí ọkọ̀ tí Joshua bá kàn lè rí ibi jáde.

Nígbà tí bàbá wa padà dé ní 1983, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti parí, Màmá fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. Bàbá wa kàn ń rìn káàkiri lórí ilẹ̀ náà bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Nígbà tó yá ni wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé pé ọkọ̀ òkun ni, pé ó tóbi ju gbogbo ọjà Odigbo lọ, pé etí òkun la ti ń kàn án. Màmá wò wọ́n dáadáa. Wọ́n ní, "Nóà ńkọ́? Ṣé etí òkun ni wọ́n ń gbé? Ilé ni wọ́n ti kan tiwọn, omi ló wá bá a níbẹ̀." Bàbá wa, tó ti bá òyìnbó jiyàn lórí irin, wá ṣèlérí fún ìyá wọn: bí ọkọ̀ kejì bá ti parí ní Èkó, àwọn yóò wá mú wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí ó tó wọ omi. Màmá gbà, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbin ohunkóhun sórí ilẹ̀ náà títí ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983 ni ológun gbàjọba. Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó rántí bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀, bí a ṣe ń tò fún ọṣẹ àti ìrẹsì, tí wọ́n ń sọ fún wa lórí rédíò pé ká fún ìgbànú. Wọ́n ní owó òkèèrè ti tán. Wọ́n sún ọkọ̀ kejì síwájú, wọ́n tún sún un. Irin tí wọ́n kó wá fún un ń dípẹtà nínú òjò. Kò sí ẹni tó sọ fún bàbá wa pé a ò kàn án mọ́. Bí ìjọba bá pa nǹkan báyẹn, wọn kì í ní ó kú, wọ́n á ní ó ń sinmi. Ní 1986, wọ́n ní kí bàbá wa náà lọ sinmi, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kò rí ibi tí yóò lò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni kòkó gbówó lórí, tí àwọn ará Odigbo ń páàrọ̀ páànù òrùlé. Ilẹ̀ gbalasa ni àwa ń wò ní tiwa, ó sì dùn wá.

Olóògbé ṣí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ọ̀rẹ̀. Wọ́n ń jó géètì, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń fún gààrí, wọ́n sì ń kan bọ́dì lọ́rí. Gbogbo páàkì ló ń pè wọ́n ní Néfì. Bí wọ́n bá kan bọ́dì lọ́rí tán, wọ́n á da omi kún inú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Alájì Màmúdù, ọ̀rẹ́ wọn tó ní ọkọ̀ agbégedú, á máa sọ pé, "Néfì, gedú ni mo fẹ́ gbé o. N ò fẹ́ wọ òkun." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ títí omi yóò fi dúró sínú rẹ̀ láìjò.

Ìrọ̀lẹ́ gbogbo tí wọ́n bá ti Ọ̀rẹ̀ dé, Màmá á bi wọ́n pé, "Ó ti dé?" Wọ́n á ní, "Ó ń bọ̀, Ìyá." Bàbá wa kì í purọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa ìyẹn. Ní ọdún 1989, Màmá Àìná sùn, wọn kò jí mọ́. Wọn kò fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan. Àwọn ẹbí ní kí a gbin ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ náà, bàbá wa kọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣán an lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń la ọ̀nà tó jáde sí títì. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ìdí, wọ́n á ní, "Ibi ọkọ̀ ni." Ìbànújẹ́ yìí ni wọ́n gbé kiri, ó sì fa ojú wọn wálẹ̀.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Olóògbé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ, àfi ọjọ́ tó bá kan ìtàn Nóà ni wọ́n máa ń bẹ ẹlòmíràn. Wọ́n jó géètì ilé ẹ̀kọ́ wa àti irin tó gbé táǹkì omi ìlú dúró láìgba nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà tó wà láti Ọ̀rẹ̀ dé Odigbo lónìí, abẹ́ wọn ni wọ́n ti gbòmìnira.

Àìsàn ránpẹ́ ló gbé Olóògbé lọ nínú oṣù tó kọjá, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi ìyàwó wọn, Arábìnrin Adédoyin Fádáre, sílẹ̀; àwa ọmọ wọn, Elisha, Ọláyídé àti Adébóyè; àwọn ọmọ ọmọ méjì; àwọn àbúrò, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti ẹbí púpọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ óò rí i lónìí pé a kò ní gbé Olóògbé lọ sí itẹ́ òkú. Àárín ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé la gbẹ́ ibojì wọn sí. Alájì Màmúdù kò jẹ́ kí a háyà ọkọ̀. Lọ́rí agbégedú wọn, èyí tí bàbá wa kan bọ́dì rẹ̀, tí wọ́n da omi sí, ni yóò gbé pósí wá láti Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí Màmá Àìná là ni yóò gbà wọlé. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gba ibẹ̀.

Bàbá, a mọ̀ pé èyí kọ́ ni ọkọ̀ tí ẹ ṣèlérí. Ọkọ̀ kejì kò dé, ẹ má sì dúró dè é mọ́. Bí ẹ bá rí ìyá yín, tí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé a kò gbin nǹkan kan sórí ilẹ̀ náà, àfi ẹ̀yin. Ẹ sùn re o.