Orúkọ Tí Ẹ Ní Kí N Wá Lára Òkúta

Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìrora orúnkún o. Orí tíìlì tútù kíṣìnnì mi ni mo kúnlẹ̀ sí kí yín kí n tó jókòó kọ èyí. Mo kí Bọ̀dá Gbénró àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi tẹ lẹ́tà yìí síta kí gbogbo ọmọ Ìlaròó lè kà á, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èmi àti ẹ̀yin nìkan.

Iṣẹ́ ń lọ. Bàbá òyìnbó arúgbó kan ni mò ń tọ́jú báyìí ní Rochdale. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń fún wọn lóògùn. Òjò ibí ò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Tí mo bá délé láti shift, Bàbá Tóbi á ti lọ síbi iṣẹ́ tiwọn, Tóbi á sì máa fi òyìnbó dá mi lóhùn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ ni mo máa ń bá sọ Yorùbá.

Ẹ rántí ohun tí ẹ bẹ̀ mí nígbà tí mò ń bọ̀ níbí. Àwọn ìyá ẹlòmíràn ń sọ pé kí ọmọ má gbàgbé ilé, ẹ̀yin ní kí n bá yín wá orúkọ bàbá yín. Wọ́n lọ sógun Bọ́mà nígbà tí oyún yín wà nínú Ìyá Àgbà, wọn ò padà wá. Ẹ ní òyìnbó tó mú wọn lọ á ti kọ orúkọ wọn sára òkúta kan, kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kó lè dá yín lójú pé wọ́n kú lóòótọ́. Títí dòní, ẹ ò tíì ṣòkú wọn, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní olóògbé.

Màmá, òkúta wà o! Rochdale ní, Bury ní, Bolton ní, abúlé tí ò ju òpópó kan lọ náà ní tirẹ̀. Gbogbo off mi ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì kiri, tí mò ń fi ìka tọ orúkọ lábẹ́ òjò bí ọmọ iléèwé tó ń wá èsì ìdánwò. Bàbá òyìnbó mi ló là mí lóye. Wọ́n ní ìlú kọ̀ọ̀kan ló kọ orúkọ ọmọ tirẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn náà kú ní Bọ́mà, wọn ò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, orúkọ ara òkúta yẹn nìkan ni ìyá àwọn rí sin. Wọ́n wá béèrè orúkọ ẹni tèmi. Mo ní Àkàndé. Wọ́n ní Àkàndé kí ni?

Mo ní Àkàndé nìkan ni mo mọ̀. Ọmọ wọn obìnrin yẹ ibi tí wọ́n kó orúkọ àwọn sójà ilẹ̀ wa sí wò lórí fóònù rẹ̀, ó wá a títí, ó ní kí n mú orúkọ gan-an wá. Oríkì ni Àkàndé. Ta ló ń fi oríkì wọṣẹ́ sójà? Ìyá Àgbà mọ orúkọ yẹn, àmọ́ ṣé ìyàwó ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni? “Olówó orí mi” ni wọ́n ń pè wọ́n títí tí àwọn náà fi kú. Ẹni tó ṣẹ́kù tó mọ̀ ọ́n ni àbúrò bàbá yín, Ìyá Òkè-Ọdàn, a sì ti sin wọ́n lọ́dún tó kọjá. A pa màlúù, a se ìrẹsì, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi wọ́n kí wọ́n tó kú. Ó dùn mí dé egungun. Inú bí mi sí gbogbo wa. Mo pe Tóbi jókòó, mo sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún un lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ojú ń tì mí bí ẹni tó ń bú ọkọ.

Sunday kan nínú oṣù kọkànlá, wọ́n máa ń pé jọ síbi òkúta Rochdale láti rántí àwọn tó kú sógun. Mo ti bàbá débẹ̀ lórí wheelchair. Àgbélébùú kéékèèké tí wọ́n fi igi ṣe ni wọ́n ń kì bọ koríko, olúkúlùkù á kọ orúkọ òkú rẹ̀ sára tirẹ̀. Ọmọ bàbá na ọ̀kan sí mi pẹ̀lú bírò. Kí ni kí n kọ? Mo wá rò ó pé ká ní wọ́n padà wálé ni, kí ni àdúgbò ì bá máa pè wọ́n? Mo fi orúkọ yín kọ ọ́: Bàbá Morẹ́nikẹ́, Ìlaròó. Mo kà á sókè. Màmá, mo sunkún, torí wọ́n ti lọ kí wọ́n tó bí yín. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tó bá gbọ́ nípa Àkàndé kan tó lọ Bọ́mà láti Ìlaròó, kó jọ̀ọ́ lọ bá ìyá mi, kó sì tètè lọ. Màmá, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, ẹ ò ní sunkún lórí wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Fọ́tò àgbélébùú náà ló wà nínú èyí. Ẹ ṣòkú wọn, ẹ má dúró de òkúta mọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀, ọmọ-ọmọ Bàbá Morẹ́nikẹ́.