Orúkọ Bàámi Lára Àwo Ayédèrú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Òmù-Àrán

Orí mi gbóná. Àwo orin àtijọ́ tí mo rà ní Ìlọrin lónìí, tí ẹni tó tà á ń búra pé ojúlówó ni, ayédèrú pátápátá ni! Ó fúyẹ́, kò sì sí nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà àárín rẹ̀.

Bébà ọ̀hún ló bí mi nínú jù. Orúkọ Bàámi wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń fi báírò kọ ọ́ sára àwo wọn. Mo fọwọ́ pa á, báírò ò kan ibẹ̀ rí. Àwọn tó ṣe ayédèrú yìí ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwo Bàámi gan-an ni wọ́n wò ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì ló yá àwo Bàámi lọ sí Èkó nígbà Iléyá. Mo pè wọ́n, mo béèrè ibi tí àwo náà wà.

"Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ó wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà. Èmi ni mo lọ fowó ra orúkọ bàbá wa ní Ìlọrin.