Lèmọ́mù Lábẹ́ Ìsédò

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án
Mo jókòó, mo ń di eṣinṣin àtọwọ́dá tí a fi ń tan ẹja. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, òwú aláwọ̀ eérú, ìwọ̀ kékeré. Rasim, àbúrò mi, gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí á tan Lèmọ́mù pàápàá jẹ." Mo ní kó yé fẹnu pẹja. Lèmọ́mù ni à ń pe ẹja tíráòtì ńlá tó wà nísàlẹ̀ ìsédò tuntun, ògiri kóńkéré tí wọ́n fi sé odò wa, nítorí funfun abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tó dà bí irùngbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Odò fà gan-an. Àwọn ọkùnrin ń yọ̀. Láti ayé àwọn bàbá wa ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n: odò tó bá fà ní oṣù yìí, ẹja ti kó jọ sínú ibú, kí apẹja tètè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lánàá! Ẹ̀yìn kóńkéré lókè ni omi yẹn wà, ó ń ga sí i. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17
Sabit, aládùúgbò wa tó ń ṣọ́ ìsédò, yà mu kọfí. Ó ní kí òun tó ṣílẹ̀kùn omi, òun á fọn fèrè, òun á sì dúró kí ẹni tó wà nínú odò jáde. Mo bi í bóyá kò ní sùn lọ. Ó ní, "Ìwọ Mevlida, pẹ̀lú ariwo ìyàwó tí mo fẹ́ yẹn, ta ló ń sùn?" Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19
Rasim tú àṣírí fún mi. Kò fẹ́ jẹ Lèmọ́mù o. Ó fẹ́ mú un láàyè, kó gbé e kọjá ìsédò, kó lè lọ yé ẹyin lókè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìparí oṣù ni wọ́n máa fòfin de ẹja pípa. Mo ní, Lèmọ́mù tó ń yé ẹyin? Ó ní, "Obìnrin ni. Ẹ̀yin lẹ fi joyè." Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Òjò látàárọ̀. Odò ò kún.

Ọjọ́ Ajé, 23
Wọ́n ti lé Sabit. Ọ́fíìsì kan ní Sarajevo, olú-ìlú lọ́nà jíjìn, ló ń fi ẹ̀rọ ṣílẹ̀kùn omi báyìí. Fèrè ṣì wà lórí òpó, kò sẹ́ni tó máa fọn ún. Sabit ò lè wojú mi. "Ẹ̀rọ ò lójú, Mevlida. Kò ní wò bóyá èèyàn wà nísàlẹ̀."
Mo sọ fún Rasim. Ó ní òun ti gbọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n — tèmi ò gbọ́n.

Ọjọ́rú, 25
Orí ló yọ Rasim. Omi ya dé lójijì, ó bá a nínú odò, ẹ̀ka igi ló rí dì mú. Ó wọlé, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo rò pé á ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní, "Lèmọ́mù gbé e mì, ẹ̀gbọ́n mi! Eṣinṣin yín ló gbé mì!" Mo gbá a létí, àgbàlagbà bíi tiẹ̀. Mo wá sunkún. Àwa méjì la kù nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Odò tún fà. Rasim ń nu ọ̀pá ìwọ̀, ó ń súfèé. Mo dúró kó jáde, mo fi àlùmọ́gàjí gé sòkòtò rọ́bà tó fi ń wọ odò, èyí tó ga dé àyà, láti òkè dé orókún, ẹsẹ̀ méjèèjì. Kó bínú títí. Kó ṣáà wà láàyè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Kò bínú. Ó wo sòkòtò náà, ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Mo rò pé mo borí. Mo lọ wa ọ̀dùnkún.
Ìgbà tí mo padà dé, àkàbà wà lẹ́nu àjà. Ó ti wọ sòkòtò rọ́bà Bàbá wa lọ — èyí tó wúwo, tó gbòòrò láyà, tí kò ní ìgbànú. Bí omi bá ti wọnú rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò lè dìde mọ́. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Èyí tí mo gé dì mọ́ ọn lára ṣinṣin. Òun ni kò jẹ́ kí omi wọlé ní Ọjọ́rú.
Mo sáré dé odò. Omi ti bo gbogbo òkúta. Sabit àti àwọn ọkùnrin ń wá a lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró nílé, bóyá á wọlé.
Mo ti gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run, má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo pa á.