Búta Àlùwàlá Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì.

Ẹ rántí ọjọ́ tí dókítà ṣàlàyé pé kíndìnrín yín kò lè lé omi jáde mọ́? Omi ti pọ̀ lára yín débi pé ó dà bí ìgbà tí a bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ yín, ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ náà sì ń pọ̀ sí i. Ó ní ìgò omi kékeré méjì péré lóòjọ́. Kò sí ọsàn, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí omi àgbọn tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ mi orí pé ẹ ti gbọ́, èmi sì di wọ́dà yín.

Ife tíì ni mo fi ń wọn omi fún yín. Síbẹ̀, láràárọ̀ tí ẹ bá gun òṣùwọ̀n, ẹ tún ti wúwo sí i. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún. Ta ló ń fún yín lómi? Mo fura sí Àǹtí Múníra, àbúrò yín, tí wọ́n máa ń jókòó tì yín látàárọ̀. Mo pariwo lé wọn lórí lójú gbogbo agboolé, mo ní wọn ò gbọdọ̀ wọ yàrá yín mọ́. Wọ́n ká ìborùn wọn, wọ́n gba ilé wọn lọ ní Ọbáléńdé. Ẹ wà níbẹ̀, Bàbá, ẹ ń wo fèrèsé. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?

Ọjọ́ kẹta ni mo rí yín lẹ́yìn ilé, ẹ ń ṣe àlùwàlá. Ẹ bu omi sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò tu ọ̀kankan dànù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá wa wí bí a bá kánjú fọ ẹsẹ̀! N ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo gba búta náà lọ́wọ́ yín. Ààfáà ní ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè láti ṣe tàyámọ́mù, àlùwàlá tí kò lómi nínú, mo bá gbé òkúta kan síwájú yín. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi pa ojú. Ẹ ò wò mí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n lọ bẹ Àǹtí. Ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi wá sílẹ̀. Ṣé omi búta yẹn ló ṣe é, àbí ó ti ṣáà tó àsìkò? Ká ní mo mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù, ṣé ǹ bá ti jẹ́ kí ẹ mu ún?

Àná ni mo tó kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí. Mo ní mo ti rí i pé inú búta ni ẹ ti ń mumi, pé wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

“Ta ló sọ fún ẹ? Èmi ni mò ń pọn ọ́n kún fún wọn. Òǹgbẹ ń pa ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé kí n wá jẹ́wọ́, kó o tún gba búta lọ́wọ́ wọn ni?”

Wọ́n jẹ́ kí n lé àwọn jáde nítorí omi ẹ̀kún ẹnu mẹ́ta! Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, èmi nìkan lẹ sọ di ìkà.

Wọ́n wá rọ ohùn. “Ṣé wọ́n ṣì ń rí i mu títí dọ́jọ́ ikú?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní alhamdulilahi, wọ́n fà mí dìde, wọ́n dárí jì mí lójú ẹsẹ̀. Bàbá, ta ni mo fẹ́ sọ òótọ́ fún báyìí, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tínú ṣì ń bí.