Díìsìkì Ìyá Tí A Kò Fọ̀

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Bàbá ńkọ́? Ẹ ní kí Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ ka lẹ́tà yìí sókè létí gbogbo agboolé, nítorí èmi Àjàní kì í ṣe ẹni kékeré mọ́. Tí mo bá ń kọjá ní Àpáta ti Jos níbí, kò sí kọ̀ǹpútà tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí mi, wọ́n á máa ké "Ranka ya dade" bí ẹni ń kí ọba. Èmi nìkan ni mo sì gba ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí Nanret tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ bà á jẹ́, bí mo ṣe sọ fún yín lórí fóònù.

Òtútù Jos kì í ṣeré. Tí ọyẹ́ bá dé, omi garawa á gé èèyàn jẹ bí ajá. Nínú yàrá mi ní Laranto, èmi àti ògiri la jọ ń sọ̀rọ̀, ògiri ló sì máa ń borí. Owó oúnjẹ nìkan ni ọ̀gá ń fún wa. Ó ní iṣẹ́ là ń kọ́.

Iṣẹ́ náà rèé. Àwọn ilé-ìwé ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí kíláòdù, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A kì í to díìsìkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó to ẹyọ kan dáadáa, òun ni díìsìkì ìyá. A ó ya ímééjì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, a ó wá máa fi ímééjì yẹn bí díìsìkì tuntun fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń fi mọ́ọ̀dù kan yọ búlọ́ọ̀kù. Ìdọ̀tí tó bá wà lára ìyá, gbogbo ọmọ ló máa gbé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ̀ ọ́ mọ́ ká tó yà á.

Nanret ló kọ́ mi. Ó ti ṣáájú mi níbi iṣẹ́. Tó bá se pòtétò wá, ìdajì tèmi ni. Ó máa ń sọ pé Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, bíi tèmi, ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, èsì ìdánwò ilé-ìwé kan tí a fi dán iṣẹ́ wò ṣì wà lórí díìsìkì ìyá. A yà á láìfọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ilé-ìwé mẹ́fà ṣí tiwọn, wọ́n bá orúkọ ọmọ olọ́mọ níbẹ̀, títí dé orí ẹni tó gba òdo. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ni èsì ọ̀hún wá, ó fi Hausa bú wa dé ìran kẹta. Orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo la ní ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọ̀gá ò fẹ́ sanwó méjì. Ti Nanret ni. Ẹni yòówù kó jókòó síbẹ̀, Nanret ni kọ̀ǹpútà máa kọ. Ọ̀gá bi mí, mo ní ba ni ba ne, èmi kọ́. Ọ̀gá ní kí Nanret máa lọ. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Màmá, nígbà tí mo ròyìn fún yín, ẹ ní ẹni tó fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́ kò ní ríṣẹ́ ṣe. Ó ti ń wáṣẹ́ kiri láti ìgbà náà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Ẹ kí tọmọdé tàgbà. Ti kọ̀ǹpútà tó ń dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Nanret ni irọ́. Ilé ìwòsàn ló wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ya díìsìkì náà. Ó ní kí n fọ díìsìkì, mo yà á láìfọ̀ ọ́, mo lọ wo bọ́ọ̀lù.

Èmi ọmọ yín,
Àjàní