Kò Sí Májèlé Nínú Ọbẹ̀ Ìyá Kékeré

Ẹ kú ilé o, Màmá. Kí ìkíni mi tó délẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá dókítà kan kéde ní ìlú òyìnbó níbí: ó ní láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá ikùn mọ́ ènìyàn, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò pa ebi lẹ́nu mọ́ láì lo ọ̀bẹ. Ó sọ ọ́, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo kí àwọn bàbá tó kù ní agboolé wa l'Ókè-Ìmẹ̀sí, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí fún Màmá, jọ̀wọ́ rọra kà á, má sì fo ibì kankan.

Wùmí àbúrò mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí, gbọ́ ìkéde náà. Ó sanra, orúnkún ti ń dùn ún tipẹ́, àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ tó ti ń ránṣọ sì pọ̀. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, wọn ìbá ní ayé ló ń yẹ ẹ́. Níbí, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n mi orí. Wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà ti bàlúùnù kan gba ọ̀fun rẹ̀ wọ inú, irú èyí tí àwọn ọmọ ń fẹ́ nígbà Kérésì, àmọ́ tirẹ̀ nípọn. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i níbẹ̀, kí oúnjẹ má baà rí ibi jókòó. Mo bi dókítà pé bó bá jò ńkọ́. Ó wò mí bí ọmọ kíláàsì kìíní tó béèrè ibi tí Ọlọ́run ń sùn. Ó ṣáà ní kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́rin lọ, wọn yóò yọ ọ́.

Òtútù ibí ń wọ egungun, Màmá. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé títí wọ́n fi fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì l'Ákùrẹ́, ọmọlanke ìwé ni mo ń tì kiri ní ilé ìkàwé. Bí kò bá sí Wùmí, mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi lè já a níyàn.

Oṣù mẹ́rin náà ku díẹ̀ kó pé ni lẹ́tà yín dé pé ẹbí ti mú ọjọ́ tí a ó sin Bàbá. Ọjọ́ tí dókítà fẹ́ yọ nǹkan náà ni. Mo ní kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́ ṣáájú. Ó ní òun á yọ ọ́ bí a bá padà; ó ní bàbá ẹni kì í kú lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò sọ fún àwọn àgbà pé nítorí bàlúùnù ni ọmọ òkú kò ṣe wá? Ó mú mi búra pé n kò ní sọ fún ẹnì kan. Mo búra.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe gbà á. Ẹ ní ìyà ti fà á gbẹ. Gbogbo yín pinnu pé kó tó padà, ẹran ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Ẹ gúnyán, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kò sí ẹni tó jẹ uṣu ulé yín rí tó ní òun yó lókèlè kẹta. Ìyá Kékeré, orogún yín, ló se ọbẹ̀. Wùmí jẹ ẹ́, ó lọ bì í sẹ́yìnkùlé, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo rí i. Àbúrò yín láti Ìpótì ní oyún ni, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ Wùmí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyá àgbà. Ẹ̀yin ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ fún un ní àgbo tó ń fọ inú, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ìyẹn náà ṣojú mi. Mo ń wo òkè tó yí ìlú wa ká.

Ọjọ́ kẹta tí a padà dé, ó ṣubú ní ilé iṣẹ́. Bàlúùnù ti jò, ó ti rọ́ wọ inú ìfun, ó dí i bí àkísà ṣe ń dí ojú gọ́tà. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n gé ibi tó ti kú nínú ìfun náà. Ó wà láàyè, omi ẹ̀kọ ló ń mu. Ọ̀gá dókítà kò wá wò ó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn kò padà wá lásìkò. Òótọ́ ló kọ, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo fi wáyà ránṣẹ́ sí yín pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Wùmí, n kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin bá a wá ìdí. Lẹ́tà tí ẹ ní kí wọ́n kọ sí mi, tí ìyìn Olúwa kún òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, sọ pé májèlé ni orogún yín fi sínú ọbẹ̀. Pé ẹ ti sọ ọ́ lójú agboolé, ẹ ti fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Obìnrin tó ti wà nílé yẹn kí ẹ tó bí Wùmí, tó ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá lọ sóko kòkó, ló wá di alábàágbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ídó-Ilé.

Màmá, nítorí irọ́ ni mo ṣe na ọmọ ọlọ́mọ jù ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà. Mo jókòó, mo wo Ìyá Kékeré níbi tó ti ń ro ọbẹ̀, mo mọ ohun tó wà nínú ikùn àbúrò mi, mo panu mọ́. Wùmí ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n má kọ èyí, pé wọn yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣe é. Ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ láàárín ọjà, a kì í dá a láre nínú yàrá.

Ọlọ́run yóò fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín, ojú yín kò ní rí ikú ọmọ. Ẹ bá mi kí agboolé, ẹ kí wọn n'Ípótì. Wùmí ní òun kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ibùsùn ló wà. Èmi, ọmọ yín, ni mo ń béèrè: nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kó ẹrù obìnrin yìí síta, ta ni yóò lọ sí Ìdó-Ilé lọ mú un padà wálé?